Ta Ló Yẹ Kó Dènà Ewu? Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Ojúṣe Ẹnì Kọ̀ọ̀kan àti Ojúṣe Àwùjọ

Iṣẹ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí ààbò ni mo ń ṣe. Mo máa ń bá àwọn òṣìṣẹ́, òbí àti olùkọ́ sọ̀rọ̀ nípa bí ewu ṣe ń ṣẹlẹ̀ àti ibi tí a ti lè dá a dúró. Bí mo bá sọ̀rọ̀ tán, ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Ohun tó wà nídìí gbogbo wọn ni pé: ṣé kí olúkúlùkù máa ṣọ́ ara rẹ̀ ni, àbí kí àwùjọ máa ṣọ́ gbogbo wa? Mo kó wọn jọ síbí, mo sì dáhùn wọn bí mo ṣe máa ń dáhùn wọn lójúkojú.

Bí ewu bá ṣe ẹnì kan, ṣé àìṣọ́ra tirẹ̀ kọ́ ló fà á?

Nígbà mìíràn, òun ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ya ìbéèrè méjì sọ́tọ̀. Èkíní ni "Ta ló jẹ̀bi?" Èkejì ni "Níbo la ti lè dá a dúró?" Ẹni tó jẹ̀bi lè jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo, síbẹ̀ kí ibi tí a ti lè dá ọ̀rọ̀ náà dúró tó márùn-ún tàbí mẹ́fà, lọ́wọ́ èèyàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Aláǹgbá ló wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló mọ ògiri náà? Ta ló rí i nígbà tó ń sán? Àwọn wo ló ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́? Ẹni tó bá dúró lórí ìbéèrè àkọ́kọ́ á rí ẹni tó máa bá wí, ewu yẹn á sì tún padà wá bá ẹlòmíràn lọ́la.

Àwùjọ wo lẹ ń sọ? Ṣé ìjọba ni?

Ìjọba wà nínú rẹ̀, àmọ́ kì í ṣe òun nìkan. Gbogbo ẹni tó mọ̀ nípa ewu kan, tó sì lè ṣe nǹkan sí i, bó ti wù kó kéré tó, àwùjọ nìyẹn lójú tèmi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣojú mi.

Mo gbé inú ilé kan rí tí ìdílé mẹ́fà jọ ń gbé. Àtẹ̀gùn onípákó kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń gùn. Pákó kẹta láti ìsàlẹ̀ ti là. Bí ẹsẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́ láàárín, kò sí wàhálà, ṣùgbọ́n bó bá tẹ̀ ẹ́ létí lápá òsì, á rì wọlẹ̀ bí ìka méjì, á sì dún. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n nínú wa. A kọ́ àwọn ọmọ wa láti máa fò ó. Èmi gan-an máa ń di ọmọ mi lọ́wọ́ mú, màá ní "Ọ̀kan, èjì, fò!", òun náà á bú sẹ́rìn-ín. Ó di eré. Oṣù méje kọjá bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹnikẹ́ni tó ṣubú nínú wa. Lálẹ́ ọjọ́ kan, màmá àgbà kan wá kí ọmọ wọn lókè. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún wọn. Nígbà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀, mo gbọ́ ìró pákó yẹn kí n tó gbọ́ igbe wọn. Egungun ìbàdí wọn ló kán. Káfíńtà tó wá tún pákó náà ṣe lọ́jọ́ kejì ò lò tó wákàtí kan.

Ní ti òfin, onílé ló jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ìdílé mẹ́fà ló mọ̀, èmi náà sì wà níbẹ̀. Ìṣọ́ra wa gan-an ló jẹ́ kí pákó yẹn pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, torí bí a ṣe mọ̀ ọ́n fò, kò dùn wá mọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti gbà mọ́ pé ẹni tó bá ti ṣọ́ ara rẹ̀ ti parí iṣẹ́.

Àgbàlagbà tó ní làákàyè, ṣé kò lè dá ṣọ́ra fúnra rẹ̀ ni?

Ó lè ṣọ́ra. Ohun tí kò lè ṣe ni kó máa ṣọ́ra láìsinmi. Ó máa ń rẹ èèyàn, oorun máa ń kun èèyàn, ọkàn èèyàn máa ń wà lọ́dọ̀ ọmọ tí ara rẹ̀ ò yá. Ètò ààbò tó bá dúró lórí pé kí ẹnikẹ́ni má ṣàṣìṣe láéláé ti wó kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo bẹ́líìtì ọkọ̀. Lọ́dún 1959, Nils Bohlin, ẹnjiníà ará Sweden tó ń ṣiṣẹ́ fún Volvo, ṣe bẹ́líìtì tó gba orí èjìká àti ìbàdí kọjá, tí èèyàn lè fọwọ́ kan dè. Volvo sì yọ̀ǹda kí àwọn tó kù tó ń ṣe ọkọ̀ máa lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Bẹ́líìtì dénú ọkọ̀ nígbà yẹn, síbẹ̀ orí rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń jókòó lé. Ó di ọdún 1970 kí ìpínlẹ̀ Victoria ní Ọsirélíà tó ṣòfin pé dandan ni kí awakọ̀ àtèrò dè é, àwọn ló sì kọ́kọ́ ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ láyé. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé bẹ́líìtì ń dín ewu ikú àwọn tó jókòó níwájú ọkọ̀ kù ní ìdá 45 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ ka iye ọwọ́ tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí: ẹni tó ronú kàn án, ilé iṣẹ́ tí kò há a mọ́wọ́, àwọn aṣòfin, ọlọ́pàá ojú ọ̀nà, lẹ́yìn náà ọwọ́ kan ṣoṣo tó máa fà á wá kó sì dè é. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ kèrègbè.

Ilé aṣòfin Sweden tún gbé e síwájú lọ́dún 1997. Wọ́n gba ìlànà kan wọlé tó ní kò sí iye èèyàn kankan tó bójú mu láti kú lójú pópó. Wọ́n gbà pé awakọ̀ á ṣàṣìṣe, torí náà ojú ọ̀nà ni kí wọ́n ṣe lọ́nà tí àṣìṣe ò fi ní di ikú: kí irin pín ọ̀nà àlọ àti àbọ̀ níyà, kí oríta di àyípo tí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ rọra yà, kí ọkọ̀ má sáré níbi tí ẹlẹ́sẹ̀ bá wà.

Ṣé ẹni tó sáré àsápajúdé ò lẹ́bi mọ́ nìyẹn?

Ó lẹ́bi, gbogbo ẹ̀bi rẹ̀ ló sì wà lọ́rùn rẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dàrú mọ́ àwọn èèyàn lójú. Wọ́n rò pé ojúṣe dà bí ẹrù tí èèyàn méjì jọ gbé, pé bí tẹnì kan bá wúwo, tìkejì á fúyẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí eré ọkọ̀ bá fi ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i, ewu jàǹbá tó ń pààyàn á fi nǹkan bí ìdá mẹ́rin lé sí i. Ẹsẹ̀ awakọ̀ ló wà lórí ohun tó ń mú ọkọ̀ sáré, ọ̀nà tí kò dára ò sì lè bá a gbé e kúrò. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ awakọ̀ náà ò lè bá ìjọba tún ọ̀nà ṣe. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.19 èèyàn ló ń kú lójú pópó lọ́dún kan káàkiri ayé. Àyè wà fún olúkúlùkù láti ṣe tirẹ̀ ní kíkún, iṣẹ́ á sì tún ṣẹ́ kù.

Mo ti jókòó níbi ìpàdé kan tí ọ̀gá ilé iṣẹ́ ti ń ní "Àwọn òṣìṣẹ́ ò ṣọ́ra ni," nípa ẹ̀rọ kan tí wọ́n yọ ìbòrí rẹ̀ kúrò kí iṣẹ́ lè yá. Inú bí mi lọ́jọ́ yẹn. "Ẹ máa ṣọ́ra" jẹ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ lẹ́nu ìyá. Lẹ́nu ẹni tó yọ ìbòrí ẹ̀rọ, ẹ̀bi ló ń tì sọ́rùn ẹlòmíràn.

Òfin tó ń dáàbò bò mí lọ́wọ́ ara mi, ṣé kì í ṣe òmìnira mi ló ń gbà?

Mi ò fojú kéré ìbéèrè yìí. Bí ohun tí àgbàlagbà kan ń ṣe bá mọ sí ara rẹ̀, tó sì mọ ohun tó wà níbẹ̀, èrò tèmi ni pé ká sọ òótọ́ fún un, ká sì yàgò fún un. Ẹni tó fẹ́ gun òkè yìnyín, kó máa gùn ún.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ohun tó ń mọ sí ara ẹnì kan ò pọ̀. Lọ́dún 1950, Richard Doll àti Austin Bradford Hill ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé sìgá tan mọ́ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ohun táwọn amusìgá ń wí ni pé "ẹ̀dọ̀fóró tèmi ni." Ṣùgbọ́n èéfín ò mọ ààlà. Àwọn tí kì í mu sìgá rárá, àmọ́ tí èéfín ẹlòmíràn ń pa lọ́dọọdún, lé ní mílíọ̀nù kan. Nígbà tí Ireland di orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tó fòfin de sìgá mímu nínú gbogbo ibi iṣẹ́ tó ní òrùlé, lóṣù kẹta ọdún 2004, wọn ò ní kẹ́nikẹ́ni má mu sìgá mọ́. Ohun tí wọ́n ní ni pé ẹni tó ń gbé ọtí fún oníbàárà kò gbọ́dọ̀ fi ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ gba owó oṣù. Irú òfin tí mo lè dúró tì nìyẹn.

Ohun kan tún wà níbẹ̀. Òmìnira láti yan nǹkan ò sí níbi tí wọ́n bá ti fi òótọ́ pa mọ́. Lọ́dún 2006, ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ kan ní Amẹ́ríkà dájọ́ pé àwọn ilé iṣẹ́ sìgá ńláńlá ti ń tan aráàlú jẹ fún ọ̀pọ̀ ẹ̀wádún nípa ewu ohun tí wọ́n ń tà. Ẹni tí wọ́n parọ́ fún, kí la fẹ́ ní ó yàn?

Àwọn ọmọdé ńkọ́?

Ọmọ ọdún méjì ò ní ojúṣe kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àgbà ló ni gbogbo rẹ̀.

Ìyá kan gbé ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan wá síbi tí mo ti ń kọ́ àwọn òbí. Àwòrán ọsàn tó wà lára ike náà ṣì ń tàn. Ohun tó wà nínú rẹ̀ mọ́ gaara, bí ẹ bá sì mì ín, á hó díẹ̀ lókè. Wọ́n gbé e yí ká láàárín ara wọn láì ṣí i, kò sì sí ẹnì kan tó mọ̀ pé kẹ́míkà tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun ni. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti gbé irú ike yẹn sẹ́nu lọ́dún tó ṣáájú. Ètè rẹ̀ bó, ọ̀fun rẹ̀ bó, Ọlọ́run sì dá ẹ̀mí rẹ̀ sí. Ìyá yìí kì í ṣe aláìbìkítà. Inú kẹ́ẹ̀gì ńlá ló ti máa ń bù ú sínú ike kékeré kó lè rọrùn láti lò. Gbogbo wa la máa ń ṣe é.

Amẹ́ríkà ṣòfin lọ́dún 1970 pé kí oògùn àti kẹ́míkà inú ilé máa ní ìdérí tí ọwọ́ ọmọdé ò lè tètè ṣí, àwọn ọmọ tí májèlé ń pa sì dín kù gidigidi. Àmọ́ ìdérí yẹn ò wúlò mọ́ bí a bá ti da ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú ike mìíràn. Bí ọmọ bá wá gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mì, ẹ má fipá mú un bì í. Ohun tó jó o lọ́fun nígbà tó ń wọlé á tún jó o nígbà tó bá ń jáde. Ẹ gbé ọmọ, ẹ mú ike náà dání, kí ẹ tètè lọ sílé ìwòsàn.

Ẹni tó bá ti pinnu láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀, ṣé ìdènà kankan lè dá a dúró?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ìdáhùn tí ó máa ń ṣòro fáwọn èèyàn jù láti gbà gbọ́ nìyí, torí náà màá rọra ṣàlàyé rẹ̀.

Ní England àti Wales láyé ọjọ́un, inú èédú ni wọ́n ti ń fa gáàsì tí wọ́n fi ń dáná nínú ilé, májèlé sì wà nínú rẹ̀. Lọ́dún 1963, èèyàn 5,714 ló para wọn níbẹ̀, gáàsì yìí ló sì wà nídìí bí ìdá méjì nínú márùn-ún wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi gáàsì mìíràn tí kò ní májèlé yẹn rọ́pò rẹ̀, nítorí owó àti ìrọ̀rùn. Nígbà tó fi máa di ọdún 1975, iye àwọn tó ń para wọn ti wálẹ̀ sí 3,693. Ká ní gbogbo wọn ló máa wá ọ̀nà mìíràn ni, iye yẹn ì bá má yí padà. Ní Sri Lanka, ìjọba fòfin de àwọn oògùn apakòkòrò tó burú jù lọ́kọ̀ọ̀kan. Láàárín ọdún 1995 sí 2015, ìwọ̀n àwọn tó ń para wọn fi nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù.

Wákàtí tí ìrora ọkàn bá dé góńgó kì í pẹ́ títí. Bí ohun tó lè pa èèyàn ò bá sí nítòsí ní wákàtí yẹn, ó lè kọjá lọ, ọ̀pọ̀ àwọn tó sì là á já ni kì í padà sí i mọ́. Nítorí náà, bí ẹ bá ń fura sí ẹnì kan, ẹ bi í ní tààrà bóyá ó ń rò ó. Ìbéèrè yẹn kì í fi èrò sí i lọ́kàn, ó máa ń tú u lára ni. Ẹ kó ohun tó léwu kúrò nílé, ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, ẹ bá a dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí gan-an lẹ wà nínú rẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ sọ fún ẹnì kan lónìí.

Bí mo bá wà níbi tí nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀, ṣé dandan ni kí n dá sí i?

Ìdáhùn òfin yàtọ̀ láti ilẹ̀ sí ilẹ̀. Ní Faransé àti Jámánì, ẹni tó bá lè ran ẹni tó wà nínú ewu lọ́wọ́ láìfi ara rẹ̀ wewu, tó wá kọ̀, lè ṣẹ̀wọ̀n. Ní England, òfin ò sọ ọ́ di dandan fún ẹni tí kò bá ní ojúṣe kan pàtó sí onítọ̀hún. Mo fara mọ́ ti Faransé àti Jámánì.

Ṣùgbọ́n ìkà kọ́ ló sábà máa ń dá àwọn èèyàn dúró. Lọ́dún 1968, John Darley àti Bibb Latané gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní New York. Wọ́n fi akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan sínú yàrá ọ̀tọ̀, wọ́n sì jẹ́ kó gbọ́ nínú ẹ̀rọ pé gìrì mú ẹnì kan níyàrá mìíràn. Nínú àwọn tó rò pé àwọn nìkan ló gbọ́ ọ, ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún ló jáde kí ohùn náà tó dákẹ́. Nínú àwọn tó rò pé ẹni mẹ́rin mìíràn ń gbọ́, ìdá 31 péré ni. Àwọn tí kò jáde yẹn ń gbọ̀n, àyà wọn ń já. Wọ́n rò pé ẹlòmíràn á ti lọ ni.

Torí èyí ni mo ṣe ń kọ́ àwọn èèyàn pé kí wọ́n má pariwo "Ẹ gbà wá o!" sáàárín èrò lásán. Ẹ na ìka sí ẹnì kan: "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wọ aṣọ búlúù, ẹ pe ọkọ̀ pàjáwìrì." Ẹni tẹ́ ẹ bá nawọ́ sí báyìí máa ń dìde. Bí ẹ ò bá mọ̀wẹ̀, ẹ má bẹ́ somi tẹ̀ lé ẹni tó ń rì. Ẹ ju okùn sí i, tàbí kẹ́ẹ̀gì tó ṣófo tẹ́ ẹ ti dé lẹ́nu.

Bí òṣìṣẹ́ bá ti fọwọ́ síwèé pé òun mọ ewu iṣẹ́ náà ńkọ́?

Ìwé ò pa iná. Ní March 25, 1911, iná sọ ní ilé iṣẹ́ aṣọ Triangle ní New York. Ilẹ̀kùn kan lókè kẹsàn-án wà ní títì pa. Èèyàn 146 ló kú, ọ̀pọ̀ nínú wọn ọ̀dọ́bìnrin. Kò sí ìṣọ́ra tí ẹni tí wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ lè ṣe. Wọ́n gbé àwọn tó ni ilé iṣẹ́ náà lọ sílé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ sì dá wọn sílẹ̀. Ká ní orí "Ta ló jẹ̀bi?" ni gbogbo ọ̀rọ̀ dúró sí ni, ibẹ̀ ni ì bá parí sí. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ New York tún ṣe ọ̀pọ̀ òfin láwọn ọdún tó tẹ̀ lé e lórí ilẹ̀kùn, àbájáde àti ìdènà iná.

Mo rí àléébù, mo sọ ọ́, wọn ò dá mi lóhùn. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ tún un sọ, lọ́tẹ̀ yìí lórí ìwé. Ẹ kọ déètì sí i, ẹ fi fọ́tò sí i, ẹ kọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ bí wọn ò bá tún un ṣe, kí ẹ sì wá ẹnì kan sí i tí yóò fọwọ́ sí i. Ó nira láti ní òun ò gbọ́ nípa ohun tó wà lákọsílẹ̀.

Mo máa ń rántí Frances Kelsey níbí. Oníṣègùn ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ lọ́dọ̀ àjọ tó ń yẹ oògùn wò ní Amẹ́ríkà nígbà tí ìwé tí wọ́n fi ń tọrọ àyè láti ta oògùn kan tó ń jẹ́ thalidomide dórí tábìlì rẹ̀ lọ́dún 1960. Wọ́n ti ń ta oògùn náà ní Jámánì láti ọdún 1957, àwọn aboyún sì ń lò ó sí èébì. Ilé iṣẹ́ tó fẹ́ tà á ń yọ ọ́ lẹ́nu léraléra pé kó buwọ́ lù ú. Òun náà ń béèrè ẹ̀rí léraléra. Nígbà tó fi máa di òpin ọdún 1961, tí wọ́n kó o kúrò lórí igbá ní Jámánì, a ti rí i pé ó ń sọ ọmọ inú oyún di abirùn. Káàkiri ayé, ó lé ní 10,000 ọmọ. Ti Amẹ́ríkà ò tó nǹkan, torí kò buwọ́ lù ú. Òfin ló fún obìnrin yẹn ní àga tó fi lè sọ pé rárá, àmọ́ òfin ò lè bá a sọ ọ́.

Ṣé kò yẹ kí a fìyà jẹ ẹni tó ṣàṣìṣe, kó lè jẹ́ ẹ̀kọ́ fáwọn tó kù?

Ẹni tó mutí wakọ̀ pààyàn, ìyà tọ́ sí i. Ẹni tó ṣàṣìṣe lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ yàtọ̀. Bí a bá fìyà jẹ ẹ́, ohun táwọn tó kù máa kọ́ ni bí wọ́n ṣe máa fi àṣìṣe tiwọn pa mọ́. Láti ọdún 1976 ni NASA, àjọ tó ń ṣèwádìí òfuurufú ní Amẹ́ríkà, ti ń bá àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú níbẹ̀ gba ìròyìn lọ́wọ́ awakọ̀ òfuurufú nípa àṣìṣe tó kù díẹ̀ kó di jàǹbá, wọn kì í sì í jẹ́ kí orúkọ ẹni tó sọ ọ́ hàn síta. Àṣìṣe tẹ́nì kan sọ lónìí ni wọ́n fi ń kìlọ̀ fún ẹlòmíràn.

Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ kúnlẹ̀ nínú ilé yín, kí ojú yín wà níbi tí ojú ọmọdé wà, kí ẹ sì wo ohun tí ọwọ́ lè tó. Lẹ́yìn náà, ẹ ronú kan ohun kan tí gbogbo yín ti mọ̀ ọ́n fò, nílé tàbí níbi iṣẹ́. Ẹ pe ẹni tó lè tún un ṣe kí ilẹ̀ tó ṣú.